Àwọn tí ìwàásù kì í dárúkọ: ìdáhùn fún ìyá kan ní Ṣàgámù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù, ìwé mẹ́fà sì ni mo kà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nínú ìjọ wa. Èmi ni mo máa ń fọ ife àti àwo Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí mo sì máa ń to àga. Wọn ò fi mí jẹ Ìyá Ìjọ rí, wọn ò fi mí ṣe igbá-kejì ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìwàásù tí mò ń gbọ́, Jósẹ́fù tó di olórí ni, Dáfídì tó pa Gòláyátì ni, Ẹ́sítérì tó dé ààfin ni. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Ṣé ẹnì kan wà nínú Bíbélì tó dà bí èmi? Báwo ni mo ṣe lè wá irú wọn fúnra mi?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú iṣẹ́ ilé Olúwa. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn ọba lọ fíìfíì. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n ni pé òkè apẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi hàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gbàǹja mọ̀ pé ẹni tí kò tú apẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kò tíì mọ ohun tó rà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa mọ̀. Àdúrà Jábésì wà nínú Kíróníkà Kìíní orí 4, ẹsẹ 9 àti 10. Láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ṣòro kí ìṣọ́ òru parí kí wọ́n má gbà á. Ẹsẹ méjì péré ni. Bí ẹ bá ń bá orí náà lọ, ẹ ó dé ẹsẹ 14, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àfonífojì kan tó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹsẹ 21 dárúkọ ìdílé tó ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀ dáradára. Ẹsẹ 23 sì sọ ti àwọn amọ̀kòkò, pé wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọba nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Orí kan náà ni gbogbo wọn wà pẹ̀lú Jábésì. Ní ilẹ̀ tó mọ iyì ahunṣọ bíi ti Ìjẹ̀bú, ó yẹ kí ẹnì kan ti wàásù lórí ẹsẹ 21 kó tó di àkókò yìí.

Ẹ má tíì pa ìwé náà dé, ẹ ṣí i sí orí 9. Láti ẹsẹ 17 ni wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn aṣọ́nà ilé Olúwa, ẹsẹ 22 sì sọ iye wọn, 212. Ní ẹsẹ 28, ẹ ó rí àwọn tí ohun èlò ìsìn wà lábẹ́ àbójútó wọn. Ohun tí Bíbélì sọ nípa wọn kò ju pé wọ́n ń kà wọ́n wọlé, wọ́n sì ń kà wọ́n jáde. Àwọn mìíràn ń mójú tó ìyẹ̀fun, wáìnì, òróró àti tùràrí. Ẹsẹ 31 dárúkọ ọkùnrin kan, Mattitiah, ọmọkùnrin àkọ́bí Ṣallumu, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń dín nínú àwo pẹrẹsẹ. Ẹsẹ 32 dárúkọ àwọn tó ń pèsè àkàrà ìfihàn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Iṣẹ́ ọwọ́ yín gan-an nìyẹn, ìyá wa. Ẹni tó kọ ìwé náà mọ orúkọ ẹni tó wà nídìí àwo.

Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀ fún yín? Ẹ wo kíkà yẹn. Ó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ: ife dín, abọ́ sọnù, wọ́n á máa wo ara wọn níwòkuwò. Ẹ kọ iye ife, iye àwo àti iye aṣọ tábìlì sínú ìwé kan tó máa wà nínú àpótí ohun èlò náà. Ẹ kà wọ́n nígbà tí ẹ bá kó wọn jáde, kí ẹ tún kà wọ́n kí ẹ tó fọ̀ wọ́n. Ìgbà kejì yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé, torí pé wọ́n máa ń kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, nígbà tí èyí tó wà lábẹ́ àga ti bá ìdọ̀tí lọ. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kò sí ẹnì kan tó dá nìkan ṣe é nínú orí 9 yẹn. Ogún ọdún lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò bójú mu. Ẹ mú ẹni méjì mọ́ra, ọ̀dọ́ kan níbẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì dáadáa ni Ebed-Meleki. Ó wà nínú Jeremáyà orí 38, ẹsẹ 7 sí 13. Ogun Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù nígbà yẹn, oúnjẹ ti ń tán nínú ìlú. Àwọn ìjòyè mú Jeremáyà, wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kòtò tí wọ́n máa ń gbe omi sí. Omi kò sí níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni, wòlíì náà sì rì sínú rẹ̀. Sedekáyà ọba mọ̀ sí i. Ní ẹsẹ 5, ó ti sọ fún àwọn ìjòyè pé òun ọba kò lè ṣe ohunkóhun lòdì sí wọn. Ẹni tó wá dìde ni ìránṣẹ́ ààfin kan, ìwẹ̀fà, àlejò, ará Kúṣì, ilẹ̀ adúláwọ̀ tó wà ní gúúsù Íjíbítì.

Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Ọba jókòó lẹ́nu ibodè Bẹ́ńjámínì, ní gbangba, ibẹ̀ ló lọ bá a. Ó sọ ohun tí wọ́n ṣe, ó ní ó burú, ó sì sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi falẹ̀: ebi yóò pa ọkùnrin náà síbẹ̀. Kò bú ọba, kò sì pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ọba ní kí ó mú 30 ọkùnrin lọ yọ ọ́. Bó bá jẹ́ orí pẹpẹ tiwa ni, ibẹ̀ la ó ti ké Halelúyà tí a ó sì parí ìtàn. Ebed-Meleki kò tíì lọ sí ìdí kòtò o. Ó kọ́kọ́ padà sí ilé ọba, ó wọ yàrá tó wà lábẹ́ ilé ìṣúra, ó kó àkísà àti aṣọ gbígbó níbẹ̀. Ó fi okùn sọ wọ́n sísàlẹ̀, ó ní kí Jeremáyà fi wọ́n sábẹ́ abíyá, kí okùn má bàa kan ẹran ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fà á.

Ẹni tó ti fa korobá omi kúrò nínú kànga mọ ohun tí okùn ń ṣe fún àtẹ́lẹwọ́. Èyí wá jẹ́ ènìyàn. Ebi ti mú un gbẹ, egungun ti yọ, ẹrẹ̀ sì ń fà á padà bí wọ́n ti ń fà á sókè. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ yóò rọ̀ sórí okùn náà ní abíyá méjèèjì. Láìsí àkísà, á jáde láàyè, á sì jáde ní bíbó. Ebed-Meleki rò ó dé ibẹ̀. Ó sì tún mọ ibi tí àkísà wà! Ìjòyè kì í mọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ gbígbó sí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé ló mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ tó yọ wòlíì nínú kòtò láìfarapa, inú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í wò ló ti kọ́ ọ.

Kí ni wọ́n fi san án fún un? Ẹ ṣí orí 39, ẹsẹ 15 sí 18. Kò joyè. Ọlọ́run rán Jeremáyà sí i pé nígbà tí ìlú bá ṣubú, idà kò ní pa á, ẹ̀mí rẹ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀, nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé Òun. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kà. A kò gbọ́ ọ kí ó gba àdúrà kankan nínú ìtàn yìí, a kò sì gbọ́ ọ kí ó sọ àsọtẹ́lẹ̀. Okùn, àkísà àti ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́nu ibodè la rí. Ohun tí Ọlọ́run pè ní ìgbẹ́kẹ̀lé nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ìgbàgbọ́ yín kéré, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ máa wá àkísà, ìyẹn ohun kejì tí àwọn tó ń ṣe ohun àkọ́kọ́ gbàgbé. Bí wọ́n bá gbé ọmọ ìjọ kan lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn tí yóò gbàdúrà pọ̀. Ta ló mú ṣaja fóònù lọ? Ta ló mú flásíkì omi gbígbóná, aṣọ ìpààrọ̀ méjì, bébà ìnùdí àti owó tó-ń-tó tí wọ́n á fi ra abẹ́rẹ́ lóru? Ta ni yóò mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Bí ìjọ bá pín ìrẹsì fún opó, ta ló béèrè bóyá gáàsì wà nílé rẹ̀?

Nehemáyà orí 3 ni ẹ tún máa lọ. Ọ̀pọ̀ ń fò ó, torí pé orúkọ ni látòkè délẹ̀. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ ya òbìrí ńlá sí i, ìyẹn ni odi Jerúsálẹ́mù tí Nehemáyà kó àwọn ènìyàn jọ láti tún mọ. Orí náà bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnubodè Àgùntàn ní ẹsẹ 1, ó yí ìlú ká, ó sì padà sí Ẹnubodè Àgùntàn ní ẹsẹ 32. Bí ẹ bá ń dé orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sétí òbìrí náà, kí ẹ fi iṣẹ́ tàbí ìlú rẹ̀ tì í. Kí ẹ tó kà á tán, ẹ ó ti rí ìlú kan tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ó rí Ussieli alágbẹ̀dẹ wúrà àti Hananiah tó ń po òróró olóòórùn dídùn ní ẹsẹ 8. Ọwọ́ tí wúrà mọ́ lára ló wá ń gbé òkúta. Ní ẹsẹ 12, Ṣallumu tó ń ṣàkóso ìdajì agbègbè Jerúsálẹ́mù ń tún odi ṣe, òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ní ẹsẹ 14, Malkijah ọmọ Rekabu, olórí agbègbè tirẹ̀, ni ó tún Ẹnubodè Ààtàn kọ́, ibi tí wọ́n ń gbé ìdọ̀tí ìlú gbà jáde, ó sì fi ìlẹ̀kùn, ìdè àti ọ̀pá ìdábùú sí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ààtàn náà ní ìlẹ̀kùn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ fi ìdè sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni ọ̀tá yóò gbà wọlé. Àwọn kan tún iwájú ilé ara wọn ṣe. Ní ẹsẹ 30, Meṣullamu tún ibi tó kọjú sí yàrá rẹ̀ ṣe, yàrá kan péré. Ìlà tó kẹ́yìn nínú orí náà, ti yín ni: àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn oníṣòwò ló parí odi náà dé Ẹnubodè Àgùntàn. Orí 6 ẹsẹ 15 sọ pé ọjọ́ 52 ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Àwọn ará Tekoa ni ó yẹ kí ẹ fi àmì sí. Ẹsẹ 5 sọ pé wọ́n ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá wọn kọ̀, wọn ò tẹ ọrùn wọn sábẹ́ iṣẹ́ náà. Oníwàásù tó bá kan ẹsẹ yìí, àwọn ọlọ́lá ló máa ń bá wí títí ìsìn á fi parí. Ẹ tẹ̀ síwájú dé ẹsẹ 27. Àwọn ará Tekoa kan náà tún gba apá kejì. Àwọn tí olórí wọn yọwọ́ ló ṣe ìlọ́po méjì. Bíbélì kò sọ pé wọ́n kùn, kò sì sọ pé wọn ò kùn. Ohun tó dájú ni pé Nehemáyà kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì: ó kọ ẹni tó kọ̀, ó kọ ẹni tó ṣe. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Tekoa pa yín lẹ́nu mọ́ pé kí ẹ máa ṣiṣẹ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín láìsọ̀rọ̀. Ẹ lè sọ ọ́ ní ìpàdé, ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì padà sídìí iṣẹ́ yín.

Ní ti ìgbàgbọ́ tó kéré, ọkùnrin méjì ni kí ẹ kà, yóò yá. Epafroditu gbé ẹ̀bùn ìjọ Fílípì lọ fún Pọ́ọ̀lù nínú ẹ̀wọ̀n, àìsàn kọlù ú, ó kù díẹ̀ kó kú. Ìwé Fílípì orí 2, ẹsẹ 25 sí 30. Pọ́ọ̀lù kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ó ní Ọlọ́run ṣàánú fún un, ó ní kí wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, kí wọ́n sì máa bu ọlá fún irú rẹ̀. Èkejì ni Trofimu, Tímótì Kejì orí 4 ẹsẹ 20: Pọ́ọ̀lù fi í sílẹ̀ ní Miletu nínú àìsàn. Àpọ́sítélì tí wọ́n ń gbé aṣọ ìnujú láti ara rẹ̀ lọ fún aláìsàn, tí ara wọn ń yá, òun náà ló fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àìsàn tó ń bá ìrìn àjò lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àìrígbéga tàbí àìlera ni ẹ̀rí àìgbàgbọ́, ẹ ní kó ṣàlàyé Miletu fún yín.

Àwọn mìíràn nìyí, ní ṣókí. Jehoṣeba, Àwọn Ọba Kejì orí 11, ẹsẹ 2 àti 3. Ataliah, ìyá ọba tó kú, ń pa ìdílé ọba run. Jehoṣeba jí Joaṣi ọmọ ọba, tó wà lọ́mọ ọwọ́, gbé, òun àti alágbàtọ́ rẹ̀, ó sì pa á mọ́ sínú ilé Olúwa fún ọdún mẹ́fà. Ẹ rò ó wò: ọmọ kan tí kò gbọdọ̀ sunkún sókè, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ẹni tó bí i. Ọdún mẹ́fà láìjẹ́ẹ̀rí. Èyí kàn wá gan-an, torí pé àwa a máa yára gbé gbogbo nǹkan dé iwájú ìjọ. Bí obìnrin kan bá sá wá sọ́dọ̀ yín nítorí ọkọ tó ń lù ú, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà, ẹ má sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ibi tó ń sùn gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹni méjì tàbí mẹ́ta títí ààbò á fi wà. Alágbàtọ́ Joaṣi kò tilẹ̀ ní orúkọ nínú ìwé.

Onesiforu, Tímótì Kejì orí 1, ẹsẹ 16 sí 18. Ó dé Róòmù, ó wá Pọ́ọ̀lù kiri títí ó fi rí i, ẹ̀wọ̀n kò sì tì í lójú. Tertiu ní ẹsẹ kan péré, Róòmù orí 16 ẹsẹ 22: òun ló fi ọwọ́ kọ lẹ́tà náà bí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ ọ́. Ẹ wo ẹsẹ 1 nínú orí yẹn pẹ̀lú, níbi tí Febe, ìránṣẹ́ ìjọ Kenkrea, wà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ló gbé lẹ́tà náà dé Róòmù.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ Bíbélì nìkan nirú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1918, nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn, tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali, lá àlá kan tó mú kí àwọn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ gbàdúrà. Joseph Sadare tó wà lára wọn, alágbẹ̀dẹ wúrà ni. Sophia Odunlami tó dara pọ̀ mọ́ wọn, olùkọ́ ni. Àjàkálẹ̀ àrùn tó yí ayé ká lọ́dún náà ń jà lọ́wọ́. Ìtàn Christ Apostolic Church kò ṣeé sọ láìdé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àdúrà kékeré yẹn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, orúkọ àwọn ajíhìnrere ńlá tó dé lẹ́yìn náà ló máa ń gba gbogbo àyè. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn kì í pẹ́ lẹ́nu wọn.

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè wá wọn fúnra yín. Ìwé mẹ́fà tó ó. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹnì kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó tó. Ní àkọ́kọ́, ẹ ka gbogbo orí náà sókè láìdúró, kí ẹ tún ka orí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí pé ibẹ̀ ni ìparí ìtàn máa ń wà. Bí ẹ bá dúró ní orí 38 Jeremáyà, ẹ ò ní rí orí 39. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ojú ewé sí méjì. Ní ọwọ́ òsì, ẹ kọ ohun tí ẹni náà ṣe, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ìṣòro bá, àti ohun tó lè ná an bí wọ́n bá mú un. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí Bíbélì kò sọ. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù. Bí ẹnì kan bá sọ pé Ebed-Meleki di gómìnà, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún.

Kí ẹ tó pa ìwé dé, ẹ kọ iṣẹ́ kan tó lè parí kí Sátidé tó dé, pẹ̀lú orúkọ ènìyàn àti ọjọ́. "Kí n máa ran ènìyàn lọ́wọ́" kò lọ síbì kankan. "Kí n gbé omi lọ fún ìyá tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Wẹ́sídeè" ló ń di ṣíṣe.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pípa ẹni méjì pọ̀ nítorí orúkọ. Nínú Nehemáyà orí 3 nìkan, Malkijah mẹ́ta ló wà: ọmọ Harimu ní ẹsẹ 11, ọmọ Rekabu ní ẹsẹ 14, àti alágbẹ̀dẹ wúrà ní ẹsẹ 31. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, Ananíà tó purọ́ kú ní orí 5, èyí tó gbé ọwọ́ lé Sọ́ọ̀lù ní Damásíkù wà ní orí 9, èyí tó jẹ́ olórí àlùfáà wà ní orí 23. Ẹ máa wo orúkọ bàbá, ìlú àti iṣẹ́ kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ń lo Bíbélì orí fóònù, ẹ fi orí àti ẹsẹ wá wọn, torí pé bí wọ́n ṣe ń kọ àwọn orúkọ yìí yàtọ̀ láti ìtumọ̀ kan sí èkejì. Àṣìṣe kejì ni sísọ ohun tó ṣẹlẹ̀ di ìlérí. Jábésì gba ohun tó béèrè, a kọ ọ́ pé ó gbà á. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé gbogbo ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lóru yóò gba irú rẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ oyè. Mi ò ní tàn yín pé oyè ìjọ kò dára. Nehemáyà fúnra rẹ̀, gómìnà ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú: oyè kì í dá wá, ó máa ń mú aṣọ ẹgbẹ́, owó ńlá àti ìpápánu ènìyàn igba dání. Kí wọ́n tó pè yín, ẹ ka Barsilai, Sámúẹ́lì Kejì orí 17 ẹsẹ 27 sí 29, kí ẹ tún ka orí 19 láti ẹsẹ 31 dé 39.

Ìgbà tí Dáfídì sá fún Ábúsálómù ni Barsilai àti àwọn méjì mìíràn pàdé rẹ̀ ní Mahanaimu. Ẹ ka ẹrù tí wọ́n gbé dé. Ibùsùn ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo àti ìkòkò amọ̀, kó tó kan àlìkámà, ọkà báálì, ìyẹ̀fun, ọkà yíyan, ẹ̀wà, oyin, wàrà àti àgùntàn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó sá lọ láìmú ìkòkò kò lè fi ọkà tútù ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ni Makiri ará Lo-Debari. Ilé rẹ̀ ni Mefiboṣeti arọ ọmọ Jónátánì ń gbé ní orí 9, kí Dáfídì tó rántí ọmọ náà.

Nígbà tí ogun parí, Dáfídì ní kí Barsilai wá máa bá òun jẹun ní Jerúsálẹ́mù. Bàbá náà ti pé ọmọ 80 ọdún. Ó ní adùn oúnjẹ kò yé òun mọ́, òun ò gbọ́ orin àwọn akọrin mọ́, kí ló dé tí òun ó fi di ẹrù fún ọba? Òun fẹ́ kú ní ìlú òun, lẹ́bàá ibojì bàbá àti ìyá òun. Kò padà sílé lásán ṣá. Ó fa Kimhamu, tí ọ̀pọ̀ gbà pé ọmọ rẹ̀ ni, kalẹ̀, ó ní kí ọba ṣe fún un ohun tó bá tọ́ lójú rẹ̀. Ọba gbà. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 2 ẹsẹ 7, Dáfídì ń kú lọ, ó ṣì ń rán Sólómọ́nì létí àwọn ọmọ Barsilai. Nínú Jeremáyà orí 41 ẹsẹ 17, ibùgbé kan ṣì wà lẹ́bàá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tó ń jẹ́ orúkọ Kimhamu.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ bá pè yín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ wo ló so mọ́ oyè náà? Èló ni yóò ná yín kí ẹ tó jẹ ẹ́, èló sì ni yóò máa ná yín lọ́dọọdún? Ta ni yóò máa ka ife àti àwo? Bí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbà á. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì mú orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ti kọ́ níṣẹ́ dání lọ sí ìpàdé náà.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi Kíróníkà Kìíní orí 9, ẹsẹ 17 sí 34, bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ka ìwé Jòhánù Kẹta, kò ju ojú ewé kan lọ, ẹni mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀: Gáyọ́sì tó ń gba àlejò, Diotrefe tó fẹ́ràn ipò iwájú, àti Demetriu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Demetriu, ẹsẹ 12.